Orúkọ Tó Yẹ Iṣẹ́ Abẹ: Ọ̀rọ̀ Kóòdù, Ìwé Owó àti Ọrùn-Ọwọ́

Kò sí agboolé wa kan tí kò mọ̀ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, a sì mọ̀ pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìsọlórúkọ mìíràn, èyí tí a kì í pe àlejò sí, tí a kì í sì í fi oyin àti iyọ̀ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo iṣẹ́ tí dókítà bá ṣe lára aláìsàn ni a gbọ́dọ̀ sọ lórúkọ kí owó tó lè jáde fún un, orúkọ náà sì jẹ́ nọ́ńbà. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń pè ní kóòdù. Òun ni ó ń sọ iye tí a ó san àti ẹni tí yóò san án. Òun náà ni yóò máa gbé inú fáìlì aláìsàn lẹ́yìn tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀pọ̀ ìdílé láàrin wa ni ó ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí mìíràn sì ti lọ bá ọmọ wọn gbé níbẹ̀. Bí àìsàn bá dé, ìtọ́jú a tẹ̀ lé e. Bí ìtọ́jú bá parí, ìwé owó a dé, pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ fún ẹni tí yóò sanwó. Kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ̀ jù, iṣẹ́ abẹ kékeré kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ: gígé ẹran díẹ̀ nínú oríkèé ọrùn-ọwọ́ láti fi ṣe àyẹ̀wò. Iṣẹ́ náà kéré, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa kóòdù ni ó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ọrùn-ọwọ́

Àwọn baba wa tí wọ́n pe ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ti so mọ́ apá ní ọrùn-ọwọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ọrùn ṣe gbé orí, tí ó sì ń jẹ́ kí orí yí sọ́tùn-ún yí sósì, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn-ọwọ́ ṣe gbé àtẹ́lẹwọ́ àti àwọn ìka. Egungun kéékèèké 8 ni ó wà níbẹ̀, wọ́n tò sí ìlà 2, wọ́n sì kan egungun gígùn 2 tí ó wà nínú apá. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ́ inú oríkèé náà. Òun ni ó ń pèsè omi tí ń mú kí àwọn egungun yọ̀ lórí ara wọn láìha ara wọn.

Nígbà mìíràn, awọ yìí a wú, ọwọ́ a sì máa ro ẹni. Ó lè jẹ́ làkúrègbé. Ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn. Ó lè jẹ́ ikọ́ ife, nítorí àrùn yìí kì í gbé inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ó lè fara pamọ́ sí oríkèé. Ó sì lè jẹ́ kókó tí ń hù láti ara awọ náà fúnra rẹ̀. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwòrán, àti omi tí a fi abẹ́rẹ́ fà kò bá fi òótọ́ hàn, dókítà oníṣẹ́-abẹ a la ọrùn-ọwọ́, a ṣí àpò oríkèé, a gé díẹ̀ nínú awọ náà, a sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà mìíràn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá. Gígé ẹran wò yìí ni àwọn elédè Faransé ń pè ní biopsie. Bíópsì ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín.

Ìwé orúkọ méjì

Ìwé méjì ni àwọn tí ń fi kóòdù sí iṣẹ́ dókítà máa ń ṣí. Àkọ́kọ́ ni CPT, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American Medical Association, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Ìbéèrè kan ni ìwé yìí ń dáhùn: kí ni dókítà ṣe? Àmì 5 ni ó fi ń dáhùn rẹ̀. Ìwé kejì ni ICD-10-CM, tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Ìbéèrè ti èyí ni pé: kí ló dé tí dókítà fi ṣe é? Lẹ́tà kan ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn, kóòdù rẹ̀ sì lè gùn tó àmì 7.

Àwa tí a ń ka èdè Faransé yóò fẹ́ mọ ibi tí ìwé kejì yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1893, Jacques Bertillon, onímọ̀ ìṣirò láti ìlú Paris, gbé àtòjọ àwọn ohun tí ń fa ikú kalẹ̀ níwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Chicago. Ó fẹ́ kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa pe àrùn kan náà ní orúkọ kan náà, kí iye òkú ibì kan lè ṣe é fi wé ti ibòmíràn. Láti inú àtòjọ yẹn ni ICD ti dàgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á sí ìtọ́jú ní 1948, Amẹ́ríkà sì fi àlàyé tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, ohun tí ó ti di ìpìlẹ̀ ìwé owó lónìí bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti ka òkú kí a lè gba alààyè là.

Ọrùn-ọwọ́ kan, orúkọ púpọ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ìyá tí ó lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Amẹ́ríkà, tí ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti wú fún oṣù mẹ́ta. Orúkọ wo ni iṣẹ́ tí dókítà bá ṣe lára ìyá yìí yóò jẹ́?

Bí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ fa omi lásán láti inú oríkèé náà, láìlo ẹ̀rọ àwòrán láti darí abẹ́rẹ́, kóòdù rẹ̀ ni 20605. Bí ó bá ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní awò lẹ́nu bọ inú oríkèé, tí ó wo ibẹ̀ láti mọ àìsàn, kóòdù rẹ̀ ni 29840, yálà ó gé lára awọ wò tàbí kò gé. Bí ó bá la oríkèé tí ó sì gé ẹran wò, 25100 ni. Bí ó bá la oríkèé, tí ó wá inú rẹ̀ káàkiri, 25101 ni, yálà ó gé ẹran wò tàbí kò gé, yálà ó yọ ohun tí ó já sínú oríkèé tàbí kò yọ ọ́. Bí ó bá la oríkèé tí ó sì bó awọ tó wú náà kúrò, 25105 ni.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kékeré náà, “yálà ó gé tàbí kò gé.” Níbi tí ó bá wà, owó bíópsì ti wà nínú iṣẹ́ ńlá, a kò gbọdọ̀ tún kọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹni tí ó ra odidi àgbọn kì í tún san owó omi inú rẹ̀.

Báwo ni ẹni tí ń fi kóòdù sí i ṣe mọ èyí tí dókítà ṣe? Kò sí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò rí ọgbẹ́, kò sì rí abẹ. Ohun kan ṣoṣo tí ó ní ni ìròyìn tí dókítà kọ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé òun la àpò oríkèé, òun sì mú ẹran níbi mẹ́ta, 25100 ni. Bí ó bá kọ ọ́ pé òun wo gbogbo inú oríkèé, òun yẹ ojú egungun kọ̀ọ̀kan wò, òun sì mú ẹran kí òun tó dì í padà, 25101 ni. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni dókítà méjì ṣe, kí kóòdù wọn má sì dọ́gba, nítorí pé ọ̀kan kọ gbogbo ohun tí ó ṣe, èkejì kọ ìdajì. Òfin àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí le, ó sì ṣe kedere: ohun tí a kò kọ sílẹ̀, a kò ṣe é. Bí ìròyìn bá rú akọ̀wé kóòdù lójú, kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Dókítà ni yóò kọ̀wé sí pé kí ó wá ṣàlàyé.

Ìfura kì í ṣe orúkọ àrùn

Ibi tí ó kan ẹ̀mí ènìyàn jù lọ nìyí. Dókítà ìyá wa lè máa fura sí ikọ́ ife, ó sì lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, “Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ikọ́ ife inú oríkèé.” Kóòdù kan wà fún irú àrùn bẹ́ẹ̀: A18.02. Ǹjẹ́ akọ̀wé lè fi í sórí ìwé owó? Rárá o. Òfin ICD-10-CM fún ìtọ́jú ẹni tí a kò dá dúró sùn sí ilé ìwòsàn sọ pé a kò gbọdọ̀ fi kóòdù àrùn sí ohun tí a kàn ń fura sí. Ohun tí a mọ̀ dájú ni a ó kọ. Kí ni a mọ̀ dájú nípa ìyá wa? A mọ̀ pé ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún ń dùn ún: M25.531. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé omi wà nínú oríkèé náà, M25.431 ni. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹran bá dé, tí ó sì fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ kí ìwé owó tó jáde, ìgbà náà ni orúkọ àrùn tó dájú lè rọ́pò àmì àìsàn. Bí èsì bá sọ pé kókó aláwọ̀ dúdú tí ń hù lára awọ oríkèé ni, M12.231 ni yóò jẹ́ fún ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún, ikọ́ ife kò sì ní sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí akọ̀wé bá kánjú. Ẹni tí kò ní ikọ́ ife rárá yóò di oníkọ́ ife nínú fáìlì. Dókítà tuntun tí ó bá ṣí fáìlì náà lọ́dún tí ń bọ̀ yóò kà á, yóò sì gbà á gbọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò, tí àwa níhìn-ín ń pè ní assurance, yóò kà á pẹ̀lú. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ohùn ẹnu lè pòórá, ṣùgbọ́n ohùn tí a ti sọ di kóòdù yóò máa rìn láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà, kíkó o padà sì ṣòro.

Ẹran kékeré, ìwé owó mẹ́rin

Ohun tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn wa lẹ́nu jù ni bí ìwé owó ṣe ń pọ̀. Ẹran tí a gé lè má ju èékánná lọ, síbẹ̀ ìwé owó mẹ́rin lè dé sí ojúlé kan náà. Àkọ́kọ́ ni ti dókítà oníṣẹ́-abẹ, pẹ̀lú 25100. Èkejì ni ti dókítà akunnilóorun, bí irú rẹ̀ bá wà níbẹ̀. 01830 ni kóòdù tirẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kẹta ni ti dókítà tí ó yẹ ẹran wò lábẹ́ awò. 88305 ni a fi ń pe àyẹ̀wò awọ oríkèé. Ẹ̀kẹrin ni ti ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, fún yàrá, ohun èlò àti àwọn nọ́ọ̀sì. Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ́ òótọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni jalè, nítorí pé ọwọ́ mẹ́rin ni ó kan iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn kóòdù iṣẹ́, àmì kékeré mìíràn tún wà. RT dúró fún apá ọ̀tún, LT fún apá òsì. Lórí fọ́ọ̀mù tí àwọn dókítà ń lò, èyí tí ń jẹ́ CMS-1500, a ó to àwọn kóòdù àìsàn síbì kan, a ó to kóòdù iṣẹ́ síbòmíràn, a ó sì so iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ àìsàn tí ó fà á. Bí iṣẹ́ bá sọ pé ọ̀tún, tí àìsàn sọ pé òsì, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó, ìwé owó yóò sì padà sọ́dọ̀ aláìsàn tí kò ṣẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀. Lábẹ́ òfin Medicare, ètò ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn tí ó ti pé ọdún 65 àti àwọn mìíràn, owó iṣẹ́ 25100 ti kó ìtọ́jú ọjọ́ 90 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò aládàáni náà ń tẹ̀ lé irú ìlànà yìí. Bí aláìsàn bá padà lọ kí dókítà oníṣẹ́-abẹ náà wo ojú ọgbẹ́ láàrin ọjọ́ wọ̀nyí, kò yẹ kí owó ìbẹ̀wò tuntun jáde fún un.

Orúkọ tí ó tóbi ju iṣẹ́ lọ

Níbi tí owó bá wà, ẹ̀tàn kì í jìnnà. Ọ̀nà méjì ni a máa ń gbà fi kóòdù jalè. Èkíní ni kí a pe iṣẹ́ kékeré ní orúkọ ńlá: kí dókítà gé ẹran wò, kí ìwé owó sì sọ pé ó bó gbogbo awọ oríkèé kúrò. Èkejì ni kí a tú iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́: kí a kọ 25105, kí a tún kọ 25100 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọrùn-ọwọ́ kan náà nínú ìjókòó kan náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta aṣọ tí ó tún ta òwú rẹ̀. Láti dí ihò kejì yìí, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ètò kan kalẹ̀ ní 1996, tí ń jẹ́ National Correct Coding Initiative, tí ó to àwọn kóòdù tí kò yẹ kí wọ́n jọ rìn pọ̀.

Òfin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1863, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, lábẹ́ Ààrẹ Abraham Lincoln, wọ́n ṣe òfin tí ń jẹ́ False Claims Act nítorí àwọn oníṣòwò tí ń ta ọjà jíjẹrà àti ohun èlò tí kò dára fún àwọn ọmọ ogun. Òfin kan náà ni a fi ń mú ilé ìwòsàn àti dókítà tí ó bá fi kóòdù èké gba owó ìjọba lónìí. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi lè san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ó jí, pẹ̀lú owó ìtanràn lórí ìwé èké kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ tí ó bá sì tú àṣírí náà lè gba ìpín nínú owó tí ìjọba bá rí gbà padà.

Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé òdìkejì rẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rù pe iṣẹ́ ńlá ní orúkọ kékeré. Dókítà tí ó ṣiṣẹ́ wákàtí pípẹ́ a gba owó iṣẹ́ díẹ̀, fáìlì aláìsàn a sì máa parọ́ pé a kò ṣe ohun tí a ṣe. Dókítà tí yóò tún ọwọ́ náà là lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ ohun tí a ti bó kúrò níbẹ̀. Àṣejù burú, àìtó náà kò sì dára. Orúkọ tí ó yẹ iṣẹ́ ni orúkọ tí ó bá a mu rẹ́gí.

Bí ìwé owó bá dé

Kí ni kí ẹni wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà ṣe nígbà tí ìwé bá dé ilé?

Kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé owó ni lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò a máa fi ìwé àlàyé ránṣẹ́, tí ó ń fi iye tí wọ́n san àti iye tó kù hàn. Wọ́n sábà máa ń kọ “This is not a bill” sórí rẹ̀, ìyẹn ni pé ìwé yìí kì í ṣe èyí tí a ń sanwó lé lórí. Kí ó dúró de ìwé owó gan-an, kí ó sì fi méjèèjì wéra.

Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè fún ìwé owó tí ó to ohun gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kóòdù wọn, kí ó sì béèrè fún ìròyìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni láti rí ìwé ìtọ́jú ara rẹ̀. Kí ó wo ọjọ́. Kí ó wo ọ̀tún àti òsì. Kí ó wò ó bóyá a kọ iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó wò ó bóyá a gba owó ìbẹ̀wò láàrin ọjọ́ 90 náà.

Bí ó bá ní ìdójútòfò, kí ó mọ̀ pé òfin kan wà tí ń jẹ́ No Surprises Act, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Bí ilé ìwòsàn bá wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, dókítà akunnilóorun tàbí dókítà tí ó yẹ ẹran wò níbẹ̀ kò lè fi owó àfikún bá a lójijì nítorí pé òun kò sí lára wọn. Bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá sì kọ̀ láti sanwó, ó sábà máa ń ní ọjọ́ 180 láti fi ẹjọ́ kọ̀tẹ́milọ́rùn ránṣẹ́ sí wọn.

Bí kò bá ní ìdójútòfò, gẹ́gẹ́ bí òbí tí ó kàn wá kí ọmọ rẹ̀ lè ṣe wà, òfin kan náà fún un ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé ìdíyelé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó tí ẹnì kan bá béèrè bá fi $400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ìdíyelé tirẹ̀ lọ, ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ètò ìlàjà ìjọba láàrin ọjọ́ 120 tí ìwé owó dé. Kí ó sì mọ̀ pé àwọn ilé ìwòsàn tí kò sí fún èrè gbọ́dọ̀ ní ìlànà ìrànlọ́wọ́ tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn kò ká owó náà. Ẹni tí kò bá béèrè lè má gbọ́ nípa rẹ̀ láé. Ìtìjú kò yẹ níhìn-ín; a kì í tijú béèrè iye ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín

Iṣẹ́ ni ìsọlórúkọ yìí jẹ́, ó sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ AAPC ń fún àwọn tí ó bá yege ní ìwé ẹ̀rí CPC. Ẹgbẹ́ AHIMA, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní 1928, ń fún wọn ní CCS. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀yà ara ènìyàn, kí ó mọ òfin, kí ó sì ní sùúrù láti ka ìròyìn dókítà dé òpin. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé orúkọ tiwọn fún iṣẹ́ dókítà ni CCAM, tí ó ń lo lẹ́tà 4 àti nọ́ńbà 3. Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, ètò ìdójútòfò ìlera ń gbòòrò. Togo bẹ̀rẹ̀ ètò AMU fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kìíní ọdún 2024, Benin sì ní ètò ARCH tí ìdójútòfò ìlera jẹ́ ẹ̀ka kan nínú rẹ̀. Níbikíbi tí ẹlòmíràn bá ti ń sanwó ìtọ́jú fún aláìsàn, ẹni tí ń sanwó yóò fẹ́ mọ orúkọ ohun tí a ṣe. Ó yẹ kí ọmọ wa wà láàrin àwọn tí yóò mọ orúkọ wọ̀nyí pè bí ó ti yẹ.

Apá kan iṣẹ́ náà sì ti wà lọ́wọ́ wa láti ilé, nínú èdè wa. Bí ìyá bá dé iwájú dókítà tí ó sọ pé, “Ọwọ́ ń dùn mí,” kí ni ògbufọ̀ yóò sọ? Ọwọ́ lè jẹ́ láti èjìká dé orí ìka. Yorùbá ní èjìká, ó ní apá, ó ní ìgbọ̀nwọ́, ó ní ọrùn-ọwọ́, ó ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní àtàǹpàkò. Ọmọ tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dáadáa, tí ó sì mọ alábàádọ́gba wọn ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ àṣìṣe kí abẹ tó kan ara. Ilé ìwòsàn tí ń gba owó ìjọba ní Amẹ́ríkà sì gbọ́dọ̀ pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Kí ìyá béèrè ògbufọ̀ Yorùbá tàbí ti Faransé láìbẹ̀rù.

Ìròyìn tí aláìsàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni dókítà yóò kọ, ohun tí dókítà bá kọ ni akọ̀wé yóò sọ di nọ́ńbà, nọ́ńbà náà ni yóò sì di owó àti ìtàn ìlera ènìyàn. Bí ẹ bá ń bá ìyá tàbí bàbá yín lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ rí i pé ibi tí ń dùn wọ́n gan-an ni ẹ dárúkọ, ẹ sọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì sọ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Ẹ gba ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á, ẹ fi pamọ́. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a rí ohun tí yóò gbé wa dé ojú abẹ. Bí a bá sì débẹ̀, kí orúkọ tí a ó fún un jẹ́ orúkọ òtítọ́.